Mo Kúnlẹ̀, Mà

Lánàá, orí ń fọ́ mi. Mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri, nígbà tí ọmọ àbúrò mi wọlé wá kí mi: "Ẹ káàsán, mà. Mo kúnlẹ̀." N ò bojú wẹ̀yìn, síbẹ̀ mo mọ̀ pé orí ìdúró ló wà.

Ìyá àgbà kan wà ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnkà tí ojú rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Láràárọ̀ ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìkúnlẹ̀, màá ní, "Mo kúnlẹ̀, mà." Á ní, "Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n mú un dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ojú rẹ̀ ti là. Gbogbo agboolé tú síta. Òróró àdúrà ṣì ń dán níwájú orí rẹ̀. Alhaja, ará ilé kejì, na ìka mẹ́ta sókè: "Mélòó nìyí?"

Ìyá ń ṣẹ́jú. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Oòrùn yìí ń ta mí lójú."

Alhaja fi í rẹ́rìn-ín. "Ṣé ojú tó là nìyí?"

Èmi náà ò gbà gbọ́. Mo lọ síwájú Ìyá, mo dúró ṣánṣán: "Ẹ káàbọ̀, mà. Mo kúnlẹ̀."

"Irọ́ lò ń pa," ni Ìyá wí. "Kúnlẹ̀ dáadáa."

Ariwo "Halelúyà" sọ. Alhaja pàápàá ké "Alihamudulilai." Èmi ti wà lórí eékún.

Ẹ̀rí tí mo ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà náà nìyẹn. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ohùn ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti ń wá, òkè ni ti ẹni tó bá dúró.

 Mo dá ọmọ náà lóhùn: "Dìde, ọmọ mi."