Àmì Méjì Lẹ́yìn Jẹ́sì

Bí ẹ bá dé Ìlọ́bù tí ẹ béèrè ṣọ́ọ̀bù Rísíkátù Sport, ẹ lè dúró sójú ọ̀nà títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ọ̀dọ̀ Ìyá Oníbọ́ọ̀lù lẹ ń lọ, kíá ni ẹni tí ẹ bi yóò fi ẹnu júwe ibẹ̀ fún yín. Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi. Jẹ́sì ló kún òkè rẹ̀, bàtà bọ́ọ̀lù ló kún ilẹ̀, wọ́n so okùn wọn pọ̀ ní méjì méjì kí ọ̀kan má baà sọnù kí èkejì wá di opó. Pọ́ńpù kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ọmọ tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ti rọ̀, kó máa bọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni èébú. Bí Rísíkátù bá rí i pé oòrùn lo fi bọ́ọ̀lù sá sí tó fi bẹ́, yóò bá ọ lẹ bọ́ọ̀lù náà, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ kó tó fi lé ọ lọ́wọ́.

Ọmọ Ìfọ́n ni Rísíkátù, ọmọ àgbẹ̀ ni. Nígbà tó wà nílé ìwé girama níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilé ìwé, àwọn ọkùnrin ló sì ni ín. Tẹ́ńtẹ́n ni kí àwọn obìnrin lọ ta. Tẹ́ńtẹ́n ò wọ Rísíkátù lára rí. Á ká síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, á kó sáàárín àwọn ọkùnrin. Bí wọ́n bá ní kó jáde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sofiyullah, tó fi ọdún méjì jù ú lọ, tó sì jẹ́ aṣọ́lé wọn, yóò kígbe látojú ilé pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, àbúrò mi ni!" Yóò wá fi oríkì pè é: "Àmọ̀kẹ́, gbá a!" Tí Àmọ̀kẹ́ bá ti gbọ́ èyí, ẹ wá ibi sá sí.

Nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yàtọ̀ síyẹn. Ìyáàfin Stella Ọlábímtán ló ń kọ́ wọn ní Yorùbá, Ìyá Alámì sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí pé bí o bá kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì ohùn sí i, ilẹ̀ lo máa kúnlẹ̀ sí. Rísíkátù kì í fi àmì kankan sí nǹkan. Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé, "Baba mi ra ọkọ tuntun." Ọkọ́ ìroko ló ní lọ́kàn. Ìyá Alámì wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Rísíkátù, bàbá rẹ ra ọkọ tuntun? Ta ló fẹ́ fún?" Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ti Sofiyullah tún wá burú jù. Ní tirẹ̀, òun a máa fi àmì sí i, ṣùgbọ́n bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ ló ṣe ń fi í, ibi tó bá balẹ̀ sí ló wà. Ẹnu tíṣà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nítorí rẹ̀: "Sofiyullah! Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í gba àmì òkè! Kì í gbà á láéláé!"

Nígbà tó yá, Rísíkátù fẹ́ Mansur, fọkanáísà kan ní Ìlọ́bù. Kò sẹ́ni tó rí i bí ìrìn àjò. Bí wọ́n bá dín ata ní Ìfọ́n, ará Ìlọ́bù lè sín. Ní ìsọ̀ ọkọ rẹ̀, láàárín táyà àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, ló ti kọ́kọ́ lẹ bọ́ọ̀lù tó jò fún ọmọ kan. Ọmọ náà mú ọmọ mìíràn wá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán awọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, ó fi bàtà kún un, ó fi jẹ́sì kún un, títí Mansur fi ní kó jọ̀ọ́, kó wá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, nítorí àwọn oníbàárà tó wá fún táyà ò ríbi dúró sí mọ́.

Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ti wà kí wọ́n tó bí Rísíkátù. A máa sùn, a sì máa jí. A ò ní í dá ẹjọ́ ta ló jàre níbí. Lọ́jọ́ tó jí kẹ́yìn, Sofiyullah ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kó kó àwọn ọmọ rẹ̀, kó máa bọ̀ nílé. Rísíkátù ní òun ò lè fi ọkọ òun sílẹ̀. Èsì tó dé ò ju gbólóhùn kan lọ: "Ó dáa, jókòó síbẹ̀." Látọjọ́ náà, ọdún mẹ́ta gbáko, Rísíkátù ò fẹsẹ̀ kan ilé bàbá rẹ̀. Nígbà Iléyá, ó di ẹran sínú abọ́, ó fi rán èèyàn sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹran náà padà dé. Wọn ò tilẹ̀ ṣí ọmọrí rẹ̀. Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ ní kíṣìnnì, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Àlàáfíà padà díẹ̀díẹ̀. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í ná, kẹ̀kẹ́ Màrúwá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí wọn ò gbà tẹ́lẹ̀. Ó wá ku bí oṣù kan kí wọ́n gba ìsinmi, àwọn olùkọ́ ilé ìwé méjì, ọ̀kan ní Ìlọ́bù, èkejì ní Ìfọ́n, fẹnu kò pé kí àwọn ọmọbìnrin àwọn bára wọn gbá bọ́ọ̀lù, kó sì jẹ́ ní pápá ti Ìfọ́n. Àwọn ti Ìlọ́bù ní jẹ́sì, Rísíkátù ló fún wọn lọ́dún tó kọjá. Àwọn ti Ìfọ́n ò ní nǹkan kan. Búláòsì ẹ̀gbọ́n ni ẹlòmíràn fi ń gbá a. Rísíkátù ní òun yóò fún wọn ní jẹ́sì méjìdínlógún, bàtà àti bọ́ọ̀lù méjì.

Mansur wò ó. "O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni alága àwọn òbí nílé ìwé yẹn?"

"Mo mọ̀. Ọmọ rẹ̀ Àìṣà sì wà nínú àwọn tó ń gbá a. Ẹran, ó lè dá a padà. Jẹ́sì tí ọmọ ẹ̀ bá ti wọ̀ sọ́rùn, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe fẹ́ dá a padà."

Òṣogbo ló ti ní kí wọ́n bá òun tẹ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn jẹ́sì náà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Irewọlé. Ó kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé fún un: ỌRẸ RISIKATU SPORT ILOBU. Àṣà àtijọ́ ò kúrò lára rẹ̀, kò fi àmì kankan sí i. Àárọ̀ ọjọ́ ìdíje gan-an ni Irewọlé fi jẹ́sì ránṣẹ́, wọ́n ti dì í sínú ọ̀rá, kò sì sáyè láti tú u wò. Bẹ́ẹ̀ ni Rísíkátù gbé e lé ẹsẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó dorí kọ Ìfọ́n.

Èrò ti pé sí pápá. Ìyá Alámì wà lórí àga lábẹ́ igi, ó ti fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò dín ní mímú. Rísíkátù kúnlẹ̀ kí i. Ó yí sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ." Sofiyullah ní, "Hẹn." Ó sì yíjú sí òpó ojú ilé bí ẹni pé òpó náà ló kí i.

Wọ́n tú ọ̀rá. Jẹ́sì pupa, ó rẹwà. Àìṣà ti ki orí bọ tirẹ̀ kí wọ́n tó pín in dé ìdajì, ó yípo kí gbogbo ayé lè rí òun. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni: ỌRẸ ILOBU. Kò sí Rísíkátù níbẹ̀, kò sí Sport.

Sofiyullah kà á síta. "Ọrẹ Ìlọ́bù." Ó yíjú sí èrò. "Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ rí i? Ìlọ́bù ló ń ta wá lọ́rẹ báyìí. A ti di alágbe wọn. Àìṣà, bọ́ ọ!"

Àwọn òbí ń kùn. Rísíkátù sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe Irewọlé.

"Màmá, àyè ò gbà á ni," Irewọlé sọ, ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tó ṣe oore. "Ọ̀rọ̀ yín ti gùn jù. Mo yọ àárín rẹ̀ kúrò, mo fi orí àti ìdí sílẹ̀. Ó mọ́, àbí?"

Rísíkátù pa fóònù. Ohun tó fi odindi oṣù kan gbèrò rẹ̀ ló ń bàjẹ́ lójú rẹ̀ yìí, kò sì mọ ẹni tí yóò bẹ̀. Bí wọ́n bá dá jẹ́sì wọ̀nyí padà bí wọ́n ṣe dá ẹran padà, ó mọ̀ pé òun ò ní í lágbára àtidán nǹkan kan wò mọ́.

Ohùn Ìyá Alámì lábẹ́ igi ló gba ìkùnsínú náà lẹ́nu wọn.

"Sofiyullah! Kí lo kà?"

Ọkùnrin tó ti pé àádọ́ta ọdún dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níbi tó dúró sí. "Ọrẹ ni, mà."

"Àmì wo lo rí tí o fi kà á bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò rí àmì kankan, mà."

"Kò sí lórí Ìlọ́bù náà, bẹ́ẹ̀ o kà á dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí kò sí àmì lórí ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí ni. Ẹni tó kọ ọ́ là ń bi." Ó tọwọ́ bọ báàgì rẹ̀, ó mú máákà dúdú jáde. Ó ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ṣùgbọ́n máákà ò fẹ̀yìn tì. "Rísíkátù, wá parí iṣẹ́ rẹ."

Rísíkátù gba máákà, ó dúró. Bó bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ọrẹ náà ni, ó sì jẹ́ òótọ́, òun ló fún wọn. Kí n má purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn wù ú. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa rí i lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé Rísíkátù ló ta á lọ́rẹ, kó fi gbẹ̀san ẹran Iléyá. Irewọlé ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bó bá wá fi àmì sí i, ọrẹ gan-an yóò lọ, kò ní í sí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́ tó sọ pé ẹnì kan fúnni ní nǹkan.

Ó pe Àìṣà, ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ó fa ìlà kan sílẹ̀ lórí Ọ, ó fa òmíràn sókè lórí Ẹ. Ọ̀RẸ́ ILOBU.

"Ó tán?" Ìyá Alámì bi í.

"Ó tán, mà. Ọ̀rẹ́ ni mo fẹ́ kọ."

Bàbá kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ta ló sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ wọn ni wá?"

Dámilọ́lá, kápútẹ̀nì àwọn ọmọ Ìlọ́bù, ti ń gbọ́ láti òdìkejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó kígbe padà: "Ẹ má bínú, sà! Àwa náà ò tíì gbà! Ẹ jẹ́ ká gbá bọ́ọ̀lù ná!"

Ẹ̀rín sọ, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Bàbá yẹn pàápàá rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tò sí ẹ̀yìn ara wọn, Rísíkátù ń fi àmì sí jẹ́sì wọn lọ, Ìyá Alámì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Sofiyullah ò tún ní kí Àìṣà bọ́ ọ mọ́.

Àwọn Ìlọ́bù kọ́kọ́ fi ayò méjì ṣíwájú. Àwọn Ìfọ́n dá ọ̀kan padà. Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè ìparí ni bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́sẹ̀ Àìṣà, òun nìkan àti aṣọ́lé ló kù. Sofiyullah ti kúrò lórí àga, fìlà rẹ̀ ti já bọ́. Àníkẹ́ ni oríkì Àìṣà. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀ tí gbogbo pápá gbọ́ ni:

"Àmọ̀kẹ́, gbá a!"

Àìṣà gbá a, ó wọlé. Ayò méjì sí méjì. Gbogbo èèyàn ń fò. Rísíkátù nìkan ni kò fò. Ó jókòó sórí koríko, ó fi ìborùn bojú.

Nígbà tí èrò ń túká, Sofiyullah wá bá a. Jẹ́sì kan ló mú lọ́wọ́, ti aṣọ́lé tó wà ní ìpamọ́, tí wọn ò lò. "O gbàgbé èyí," ó ní. "Mo ti bá ọ ṣe é." Rísíkátù tẹ́ ẹ síta. Máákà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó dúdú kirimú: Ọ́RẸ̀ ILOBU.

Ìyá Alámì na ọrùn. Ó kọ háà. "Sofiyullah! Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀—"

"Kì í gba àmì òkè, mà. Ẹ má bínú, mà."

Ó yí sí àbúrò rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀ tààrà. "Ìyàwó mi ti ń gúnyán. Ṣé orí pápá lo máa sùn ni? Dìde, Àmọ̀kẹ́, ká lọ sílé."

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù náà lónìí, ẹ ó rí jẹ́sì pupa yẹn lókè pátápátá. Ọ̀pọ̀ ti fẹ́ rà á, kò tà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan tó wá ra bọ́ọ̀lù wò ó títí, ó ní, "Ìyá Oníbọ́ọ̀lù, wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ yìí kọ o. Ẹ fún mi ní bírò kí n bá yín tún un ṣe."

Rísíkátù gba ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ọ́."