Epo inú wàrà funfun

Láàárọ̀ yìí, nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Pobè, mo rí agolo wàrà ńlá kan, ìgò ọmọ tó ṣì gbóná, àti ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́ta tó rù kan eegun.

Mo ka ẹ̀yìn agolo náà sókè. Lẹ́tà Faransé kéékèèké ni: epo ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀ dípò ọ̀rá wàrà, kì í sì í ṣe fún ọmọ ọwọ́.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, èmi tí mo ń ṣe epo láti kékeré, mi ò rí èyí tó funfun rí."

"Wọ́n ti yọ pupa rẹ̀ kúrò, Màmá."

"Ta ni epo pa rí ní Pobè?"

"Epo wà nínú wàrà tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ọwọ́ pẹ̀lú, àmọ́ wọ́n ń po oríṣi epo mìíràn tí ọpọlọ ọmọ nílò mọ́ ọn. Èyí kò ní in."

Ẹ̀gbọ́n mi da wàrà inú ìgò náà nù. Màmá ló pọn ọmọ lọ sílé ìwòsàn, mo sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n dá ọmọ náà dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú.

Lórí bẹ́ǹṣì, Màmá na agolo sí mi.

"Tún un kà fún mi."

Mo tún un kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn agolo yín?

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo tó ti ilé ìwòsàn dé, tí mo dùbúlẹ̀.