Ìrẹ̀ Inú Bàlùwẹ̀

Kí n tó sáré dé ẹnu ọ̀nà bàlùwẹ̀, Mọ́mì mi ti ń fi sílípáàsì lu ògiri lálùtúnlù. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Aáyán yìí ò kú," ni wọ́n ń wí. "Wá wò ó, kò tiẹ̀ mira."

Báwo ló ṣe fẹ́ mira? Àwòrán ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo rà á lọ́jà Deptford, ojú ìwé àtijọ́ kan tó ṣì wà nínú náílọ̀n, kòkòrò dúdú kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀. Àwọn òyìnbó ayé ọjọ́un ló ń fi irin ṣóńṣó gbẹ́ irú ẹ̀ sára bàbà, kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Gbogbo irun ẹsẹ̀ ẹ̀ ló hàn. Inú mi dùn débi pé mo gbé e mọ́ àyà nínú bọ́ọ̀sì títí dé Peckham, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀.

"Pálọ̀ tí mo ti ń kírun?" ni Mọ́mì wí. "Ṣé o fẹ́ kí màláíkà má wọ ilé mi mọ́ nítorí àwòrán kòkòrò ni? Tí mo bá tún rí i ní yàrá kankan, inú bíìnì ló ń lọ."

Bàlùwẹ̀ kì í ṣe yàrá, àbí? Ẹgbẹ́ dígí ni mo lẹ̀ ẹ́ sí. Mo kàn gbàgbé pé wọ́n máa wọlé ṣe àlùwàlá, wọ́n á sì ti bọ́ gíláàsì ojú wọn.

Ìgbà tí wọ́n wọ gíláàsì padà, ẹ̀rín mi gbẹ. Wọ́n ti ṣí àwòrán mi kúrò lára ògiri. Wọ́n gbé e súnmọ́ iná.

"Ìrẹ̀ nìyí."

"Ẹ̀n?"

"Wo itan ẹ̀ bó ṣe ki. Bàbá àgbà ẹ máa ń bá wa wú u nínú ihò lẹ́yìnkùlé, a ó fi iyọ̀ sí i, a ó sun ún." Wọ́n dá itọ́ mì. "Òyìnbó yìí jókòó, ó ń ya irun ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé jíjẹ ni."

"Mọ́mì, ṣé ó ṣì ń lọ sí bíìnì?"

"Ta ló ń da ìrẹ̀ nù? Àmọ́ gbé e kúrò ní bàlùwẹ̀, ọ̀bùn. Ṣé ibí ni wọ́n ń gbé oúnjẹ sí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, mo sì gbé agolo iyọ̀ sábẹ́ ẹ̀.