Bí Mo Ṣe Gbé Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi Lọ sí Ìkọ̀tún

Wọn ò tíì kírun àsùbáà tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Bàrúwà tí mo ti wọ bàtà. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù ọ̀nà, nítorí Ìkọ̀tún ò jìnnà. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó pè mí láti ìgbà tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán nìyí, tí wọn ò bá sì gbà mí, ojú Màámi ni mo máa padà wá wò. Télọ̀ ni wọ́n; iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ṣe tí mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "má lọ máa fọ́nnu níwájú àgbà o. Ẹni tó bá ṣe rere, ẹlòmíì ní í ròyìn rẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ gbé mi dé Ìyánà Ìpájà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Oníkẹ̀kẹ́ rí i pé ètè mi ń mì.

"Àǹtí, ṣé àdúrà lẹ̀ ń gbà ni àbí ẹ̀ ń bú mi?"

"Mò ń kọ́ ohun tí mo máa sọ níbi ìntáfíù ni."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹni tó gbé yín wá, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ jàre."

Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe yin ara rẹ̀ tí ojú ò tì í.

Mo wọ bọ́ọ̀sì gba Ẹgbẹ́dá àti Ìdímù. Àwọn aláṣọ funfun ń bọ̀ láti ìsọ́ òru láìwọ bàtà, ara wọn balẹ̀ débi pé mo jowú wọn. Ní Bàrúwà, èèyàn á kí ẹni mẹ́wàá kó tó dé ìbùdókọ̀. Ní Ìkọ̀tún, èmi nìkan ni mò ń kí èèyàn.

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táìlì ni ilé iṣẹ́ náà wà. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tí irun wọn ti ń funfun, gba fóònù mi, wọ́n wo ètò tí mo ṣe fún ṣọ́ọ̀bù Màámi. Ètò orí fóònù yìí ló ń tọ́jú ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà, tó sì ń ránṣẹ́ sí wọn tí aṣọ wọn bá ti ṣetán.

"Ta ló ṣe èyí?"

Mo wolẹ̀. "Ọlọ́run ni, mà. Àwọn ẹ̀gbọ́n kan sì tún ràn mí lọ́wọ́."

Kò sí ẹ̀gbọ́n kankan. Bá a ṣe ń dáhùn nílé wa nìyẹn, kó má baà dà bíi pé à ń gbéra ga.

"Ó dáa. Fún mi ní nọ́ńbà àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn. Àwọn ni mo fẹ́ gbà síṣẹ́."

Mo rántí oníkẹ̀kẹ́ àárọ̀.

"Kò sí ẹ̀gbọ́n kankan, mà. Èmi ni mo ṣe é. Màámi máa ń gbàgbé aṣọ ẹni tó kàn, àwọn oníbàárà á sì máa bú wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bú wọn mọ́."

Ọ̀gá náà dá fóònù mi padà fún mi. "Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ sọ nìyẹn," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. "Máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ká fi oṣù kan dán ara wa wò ná."

Nígbà tí mò ń padà, mo ro ọ̀rọ̀ Màámi. Òótọ́ ni, ẹlòmíì ní í ròyìn ẹni. Ṣùgbọ́n níbi tí wọn ò ti mọ ẹni, ta ló fẹ́ ròyìn?

Mo bá Màámi nídìí ẹ̀rọ, oníbàárà kan jókòó tì wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo sọ pé mo ti ríṣẹ́.

"Ta ló bá a wá a?" ni oníbàárà bi wọ́n.

"Ọlọ́run ni," ni Màámi wí.

"Ọlọ́run ni lóòótọ́, mà," ni mo wí. "Èmi náà sì wà níbẹ̀."

Màámi dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n wá kọjú sí oníbàárà wọn. "Nǹkan tó ń ránṣẹ́ sórí fóònù yín yẹn, ọmọ mi yìí ló ṣe é. Òun nìkan ló dá a ṣe."