Ohùn Ìyá Mi Lẹ́nu Onítẹ́tẹ́

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan ni ìyá kan nínú ìjọ wa ní Èrúwà fa màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti ń bá àwọn onítẹ́tẹ́ ṣiṣẹ́ ni?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Obìnrin náà yọ fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, a sì gbọ́ ohùn màmá mi ketekete: "Ọ̀la ni ọjà Tápà." Kí ohùn náà tó tán, àwòrán bọ́ọ̀lù àti owó ti gba ojú fóònù, wọ́n ń pe ènìyàn kó wá ta tẹ́tẹ́.

Ìyá ìjọ ni màmá mi. Ó fa gèlè rẹ̀ bojú, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde.

Èmi ni mo ṣe áàpù tí ohùn náà ti ń jáde, ètò orí fóònù tó ń sọ ọjọ́ ọjà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, fúnra mi ni mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù. Àwọn tó ń ti Ìbàdàn wá ra ẹ̀gúsí lọ́wọ́ màmá mi ló fà á. Wọ́n á dé Tápà lọ́jọ́ kejì ọjà, wọn ò ní bá ẹnì kankan, wọ́n á wá máa bá màmá mi jà lórí fóònù. Mo ṣírò ọjọ́ ọjà gbogbo Ìbàràpá sínú rẹ̀, mo sì gba ohùn màmá mi sí i kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè gbọ́. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀ ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ti ń gba áàpù.

Ṣùgbọ́n àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ayété, ìsọ̀ mìíràn ló bá wọn wá. Orogún ni ìsọ̀ méjèèjì. Ohun tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan kì í sí lọ́dọ̀ èkejì, àfi kí o tún forúkọ sílẹ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òfin tiwọn. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Igbó-Ọrà, tó bá àbúrò mi lọ sílé ẹ̀kọ́ kan náà, ní òun ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Orúkọ yín náà ni màá fi síbẹ̀."

Mo fi odindi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí i. Mo gọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ní fi bò.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo yá fóònù lọ́wọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, mo wo ìsọ̀ kejì náà. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí ló wà lábẹ́ áàpù mi. Ó ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà, ó ti fi ìpolówó tẹ́tẹ́ sí i. Ohùn màmá mi nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Ọ̀lẹ ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìsọ̀ ńlá fi kọ lẹ́tà sí mi. Wọ́n ní áàpù mi jọ ti ẹlòmíràn kan ní ìsọ̀ kejì jù, àwọn ti yọ ọ́ kúrò. Èmi tí mo bí i ni wọ́n wá ń pè lólè! Mo fèsì, lẹ́tà kan náà ni wọ́n dá padà. Mo tún kọ, wọ́n tún dá a padà, wọ́n ní àwọn dúpẹ́ fún sùúrù mi. Sùúrù wo? Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Ní Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Igbó-Ọrà. Màmá mi ní òun ò ní dúró sílé, ó gun òmíràn tẹ̀ lé mi. Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń pariwo? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e fún mi."

"Kí o bá mi gbé e dé ọjà ni mo ní, àbí kí o sọ ọ́ di tìrẹ?"

"Èmi ni mo tún un ṣe. Tiyín yẹn, ta ló ń lò ó?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá mi sún mọ́ tábìlì. "Ohùn tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà lo ni ín?"

"Màmá, ohùn ò ní orúkọ lára."

Màmá mi kọjú sí àwọn èrò. Ó pe ọjà Tápà, ó pe ti Ayété, bó ṣe pè wọ́n gẹ́lẹ́ nínú fóònù. Ẹ̀rín dá. Obìnrin kan na ọwọ́, ó mú fóònù rẹ̀ tó wà níwájú ọkùnrin náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ lọ pe ọlọ́pàá," ni ọkùnrin náà wí.

Mo pè é lólè lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn tó wà lójú títì lè gbọ́.

Nígbà tí a délé, mo ya màmá mi ní fídíò, ó ń pe ọjà kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ránṣẹ́ sí ìsọ̀ méjèèjì. Ìsọ̀ kejì ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n yọ áàpù náà, wọ́n sì ti gbogbo ohun tí ọkùnrin náà ń tà níbẹ̀ pa. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n mi lé: kí n gbé tèmi wá, iwájú ni àwọn á gbé e sí, bí n bá ti lè gbà pé n kò ní gbé e padà sọ́dọ̀ orogún wọn. Mo fèsì pé mi ò ṣe. Ìsọ̀ ńlá dá tèmi padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn ò tọrọ àforíjì, gbogbo ọ̀rọ̀ rere tí àwọn ènìyàn ti kọ sábẹ́ rẹ̀ sì ti pòórá.

Nígbà ọdún Àjíǹde, ọkùnrin náà gbé iṣu wá sílé wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi. "Ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n mi. Kí wọ́n kọ̀wé sí ìsọ̀ yẹn pé èdè àìyedè ni, kí wọ́n lè ṣí ojú ewé mi padà. Mo ti jìyà tó."

Màmá mi wò mí. "Ó ti dọ̀bálẹ̀. Kọ ọ́."

"Kì í ṣe èdè àìyedè, Màmá. Olè ni."

"Ohùn tèmi ló jí. Èmi sì ti foríjì í."

"Ẹ̀yin lẹ foríjì í. Iṣẹ́ tèmi ló jí."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún sòkòtò rẹ̀, ó lọ. Màmá mi ní ọkàn mi ti yigbì. Ó se nínú iṣu náà lálẹ́, ó bu tèmi síwájú mi. Gàrí ni mo mu.