Eegun Tó Kán Lẹ́yìn Màmá Mi

Àárọ̀ Sátidé kan, màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà, wọn ò sì lè nàró mọ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn di ilẹ̀kùn mú, wọ́n ní, "Ṣọlá, ẹsẹ̀ òsì mi ti kú."

Rọ́ṣíà ni wọ́n bí màmá mi sí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti lọ kàwé, tí wọ́n ti fẹ́ra, kí wọ́n tó jọ wá máa gbé ní Barúwà. Nígbà èwe wọn, màmá mi máa ń tàkìtì níbi ìdíje, lórí igi gbọọrọ tí wọ́n gbé dábùú, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ góòlù fún orílẹ̀-èdè wọn. Mo fi góòlù yẹn yangàn títí mo fi jáde níléèwé.

Ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Ìpájà, a dé láago méje, aago méjì kọjá kí wọ́n tó pè wá. Màmá mi ò lè jókòó. Ògiri ni wọ́n fara tì. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Màmá òyìnbó, ẹ jókòó jàre. Ọjọ́ orí ni." Ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ yẹ ẹ̀yìn màmá mi wò. Oògùn ara ríro ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìrora ń ti ìbàdí sọ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ bí ìgbà tí iná bá ń jóni. Lọ́jọ́ kan mo bá màmá mi lórí ibùsùn tó tutù. Ìtọ̀ ti bọ́ lára wọn láìmọ̀. "Jọ̀ọ́, má sọ fún dádì ẹ," wọ́n ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, tí ẹ̀yìn bá ń dunni, tí ẹsẹ̀ ń kú, tí ìtọ̀ tún ń bọ́, ẹ má tijú, ẹ má dúró. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Ibẹ̀ ni mo gbé màmá mi lọ lọ́jọ́ náà, níbẹ̀ ni dókítà ti ya fọ́tò ẹ̀yìn wọn. Ó ṣàlàyé pé eegun ẹ̀yìn kan ti yọ̀ síwájú kúrò lórí ìkejì rẹ̀, ó sì ń tẹ iṣan tó ń ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ àti àpò ìtọ̀.

"Màmá, ojú ibi tó kán yìí ti pẹ́," ó ní. "Ìgbà wo lẹ ṣubú?"

"Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún."

Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Màmá mi já bọ́ lórí igi nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Kóòṣì wọn ò jẹ́ kí dókítà kankan yẹ̀ wọ́n wò. Ó gún wọn lábẹ́rẹ́ tí ń pa ìrora, ó sì tì wọ́n padà sórí igi. Orí eegun tó kán ni góòlù yẹn ti wá.

Inú bí mi sí kóòṣì náà, sí gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́, sí nọ́ọ̀sì ọjọ́sí, sí màmá mi pàápàá. Mo pariwo mọ́ wọn níwájú dókítà: "Ẹ̀yìn tó kán lẹ fi pọ̀n mí! Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mo sọ nígbà yẹn," màmá mi dáhùn. "Kóòṣì ní ọ̀lẹ ni mí."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Irin ni wọ́n fi de eegun méjèèjì pọ̀. Ìtọ̀ tó ń bọ́ ló kọ́kọ́ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn oṣù méjì, màmá mi fi ọ̀pá rìn dé géètì. Ìka ẹsẹ̀ méjì ṣì kú síbẹ̀. Dókítà ní ìka méjèèjì lè má padà bọ̀ sípò.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn. Láràárọ̀ ni mo ń wẹ ẹ̀yìn náà, tí mo ń wo àpá rẹ̀, tí mo ń ronú nípa gbogbo ohun tí ara kan ṣoṣo gbé láìsí ẹni tó bi í léèrè. Ìbínú mi ò tíì rọlẹ̀, mi ò sì ní purọ́ pé ó ti rọlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin tó ń bá wọn ṣe eré ìmárale gbé ẹsẹ̀ wọn sókè. Màmá mi dijú. "Ó ń dùn mí," wọ́n ní. "Ẹ dúró."

Ọkùnrin náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Màmá mi lajú, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì bú sẹ́kún.