Ẹ̀rọ Tí Kò Ka Ìrìn Mi

Tí mo bá rí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tí wọ́n so aago tó ń ka ìṣísẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí wọ́n wá ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ lójú títì, inú á kàn ṣàdédé bí mi. Wọn ò ṣẹ̀ mí o. Ẹ̀rọ ló ṣẹ̀ mí, láàárín àwọn ọdún 1990, èmi náà sì tún bá a ṣẹ ara mi.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ mi kẹta jáde, ẹ̀jẹ̀ ríru sì bá mi délé láti ọsibítù. Dókítà ní kí n máa rìn láràárọ̀ fún oṣù kan. Ó ní tí ìrìn ò bá gbé ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, òun á kọ oògùn fún mi, àti pé ẹni tó bá ń lo oògùn yẹn ò gbọdọ̀ fọ́mọ lọ́mú. Ọ̀rọ̀ ọmú yẹn ló ká mi lára. Àwọn méjì àkọ́kọ́, omi ọmú mi ò tó wọn, wàrà inú agolo ni wọ́n fi dàgbà. Ti ẹ̀kẹta yìí, ṣe ló ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Mo ti pinnu pé kò sẹ́ni tó máa gbà á lẹ́nu ọmọ mi.

Mi ò lè pọn ọmọ nítorí ojú abẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi kẹ̀kẹ́ ọmọ ránṣẹ́, ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń ka iye ìṣísẹ̀ téèyàn bá rìn. Nígbà tí dókítà rí ẹ̀rọ náà, inú rẹ̀ dùn. Ó ní èèyàn ló ń parọ́, ẹ̀rọ kì í parọ́, kí n máa kọ iye tó bá kà sínú ìwé lójoojúmọ́.

Bẹ́líìtì ló yẹ kéèyàn fi í kọ́. Èmi tí mò ń ró ìró, tí ojú abẹ ò sì jẹ́ kí n so nǹkan le mọ́ ìdí, níbo ni n ó fi í sí? Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, etí gọ́tà ló já bọ́ sí. Mo bá fi áńkáṣíìfù dì í mọ́ ọrùn ọwọ́ mi. Mo rò pé mo gbọ́n.

Láràárọ̀, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, èmi àti ìyá ọkọ mi á jáde ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó di Ìdúmàgbò, ká tó padà. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ọmọ rárá. Tí taya ò bá há sójú gọ́tà, ọlọ́jà á ti tẹ́ pátákó dí ọ̀nà. Wọ́n á tún máa bi mí pé ṣé mi ò lẹ́yìn ni. Ìyá ọkọ mi á máa fi tẹ̀sùbáà ṣe àdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìṣísẹ̀ kan, hóró kan, bó ṣe máa ń ṣe látìgbà tó ti ń kiri aṣọ. Lọ́jọ́ kan, ó yí tẹ̀sùbáà náà po nígbà ọgbọ̀n ká tó délé. Mo wo ẹ̀rọ mi: ìṣísẹ̀ mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bó ṣe ń ṣe mí lójoojúmọ́ nìyẹn, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù pé, mo jókòó ti nápíkìn ọmọ lẹ́yìnkùlé, mò ń fọ̀, mo gbàgbé pé ẹ̀rọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kí n tó fọ̀ ọ́ tán, ó ti ka ẹgbẹ̀rin. Orí àpótí ni mo jókòó sí o. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé mímì ọwọ́ ló ń kà. Tí mo bá sì ti di irin kẹ̀kẹ́ mú, ọwọ́ mi kì í mì.

“Kúkú kọ ti ìfọṣọ fún dókítà, ká sinmi,” ni ìyá ọkọ mi wí.

Mo ní mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tá a padà lọ, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, kò tíì wálẹ̀. Ó ṣí ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín. “Màdáámù, ẹ ò rìn rárá. Mi ò lè kọ oògùn fún ẹni tí ò tíì gbìyànjú. Ẹ lọ rìn dáadáa fún oṣù kan sí i. Ẹ ṣì máa fún ọmọ lọ́mú ná.”

Ohun tí mò ń wá ló gbé lé mi lọ́wọ́ yẹn. Ìyá ọkọ mi ti ń dìde. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó tò sẹ́nu ọ̀nà ń gbọ́, ọ̀kan sì ń fi ìbòrùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Èmi tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó, èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ. Ìyá ọkọ mi já mi léèékánná nítan, mo gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Mo tú áńkáṣíìfù, mo so ẹ̀rọ náà mọ́ ọwọ́ dókítà fúnra rẹ̀. Mo ní kó ti ọmọ mi nínú kẹ̀kẹ́ dé ìparí kọ́rídọ̀, kó sì padà. Ó lọ, ó bọ̀, bàtà rẹ̀ ń dún ko ko. Ẹ̀rọ ò kúrò lójú kan. Mo ní kó bi ìyá ọkọ mi léèrè bóyá mo rìn tàbí mi ò rìn.

Màmá wo ilẹ̀. “Ó rìn,” ló sọ.

Dókítà bẹ̀ mí tọkàntọkàn. Ó fa ìlà sórí gbogbo iye tí mo kọ. Lẹ́yìn náà ló jókòó, tó fa ìwé oògùn sọ́dọ̀. “Tẹ́ ẹ bá ti rìn tó báyìí tí kò wálẹ̀, a ò lè dúró mọ́. Láti òní lọ, ẹ má fọ́mọ lọ́mú mọ́.”

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ní Ìdúmàgbò, ìyá ọkọ mi dúró ra wàrà inú agolo. Ì bá sàn kó bá mi wí. Mo ti ọmọ mi lọ sílé, ó ń sunkún oúnjẹ, iwájú búláùsì mi tutù rinrin. Ẹ̀rọ yẹn wà lọ́wọ́ mi, kò ka nǹkan kan.